Pull request Ẹ̀gbọ́n: àkọsílẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀ kan lórí áàpù àjọ wa

Ọ̀rọ̀ yìí dá lórí pull request (àtúnṣe kóòdù tí ẹnì kan fi ránṣẹ́ pé ká gbà wọlé) tí àgbà kan, tí à ń pè ní Ẹ̀gbọ́n, fi ránṣẹ́ sí áàpù wa. Áàpù náà kò tóbi. Àwọn alájọ ló wà fún. Èmi tí mò ń gbé ní Táńkẹ̀, Ìlọrin, àti alábàáṣiṣẹ́ mi kan, obìnrin tó wà ní Ọ̀fà, la jọ ń bójú tó o, kò sì sí ẹni tó ń sanwó fún wa. Kóòdù rẹ̀, ìyẹn àwọn ìlà àṣẹ tí a kọ fún kọ̀ǹpútà, wà ní gbangba lórí GitHub, ibùdó orí ayélujára tí àwọn èèyàn ń kó kóòdù sí, lábẹ́ ìwé àṣẹ GPL ẹ̀dà kẹta, èyí tó jáde lọ́dún 2007. Ẹni tó bá fẹ́ lè kà á, ó lè lò ó, ó lè tún un ṣe, ó sì lè pín in fún ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá pín èyí tó ti tún ṣe gbọ́dọ̀ jẹ́ kí àwọn tó pín in fún rí kóòdù tirẹ̀ náà gbà, lábẹ́ àṣẹ kan náà. Ẹ má gbàgbé gbólóhùn ìkẹyìn yẹn, ó ń bọ̀ wá wúlò.

Kí n tó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ bí alájọ ṣe ń gba owó iṣẹ́ rẹ̀, torí ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Oníbàárà yóò mú iye tí agbára rẹ̀ ká, ká ní náírà 500 lójúmọ́. Alájọ yóò máa yà ní ìsọ̀ rẹ̀, yóò gba 500, yóò sì sàmì sí àpótí kan lórí káàdì. Àpótí mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló wà lórí káàdì. Tí oṣù bá parí, oníbàárà yóò gba owó rẹ̀, àfi ti ọjọ́ kan tó jẹ́ ti alájọ. Ọjọ́ 31 ní 500, ó di 15,500. Alájọ mú 500, oníbàárà kó 15,000 lọ sílé. Kò sí ẹni tó ń wá ẹ̀rọ ìṣirò.

Ohun tí ẹni tí kò bá alájọ rìn rí kì í sábà mọ̀ ni ti ẹni tó gbowó kí oṣù tó pé. Ara ọmọ ò yá, tàbí ọjà dé láti Ìbàdàn tí owó ò pé, oníbàárà bá ní kí wọ́n kó ohun tó wà nílẹ̀ fún òun. Ó ti dá ọjọ́ méjìlá, ìyẹn 6,000. Alájọ ṣì máa mú ọjọ́ kan tirẹ̀, 500, yóò sì ka 5,500 lé e lọ́wọ́. Ọjọ́ kan náà ni, ì báà jẹ́ méjìlá ló dá, ì báà jẹ́ mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Bí áàpù wa ṣe ń ṣe é nìyẹn. Kò sí ìdá nínú ọgọ́rùn-ún kankan nínú kóòdù wa.

Títí di àsìkò tí mò ń sọ yìí, ìrànlọ́wọ́ tó ń ti ìta wá kò tó nǹkan, ó sì rọrùn láti gbà. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Malété tún àmì ohùn ṣe lára àwọn bọ́tìnnì. Ẹnì kan tí a ò mọ̀ rí, láti Íńdíà, rí i pé áàpù ń kú lórí fóònù tí Android rẹ̀ ti pẹ́. Ó fi ìlà kóòdù díẹ̀ ránṣẹ́, a dán an wò, a gbà á wọlé lọ́jọ́ kejì. Oṣù kẹwàá nìkan ló máa ń mú eré wá díẹ̀, nítorí Hacktoberfest, ètò tí ilé iṣẹ́ DigitalOcean dá sílẹ̀ lọ́dún 2014. Nígbà náà, wọ́n máa ń fi T-shirt ta ẹni tó bá fi pull request mélòó kan ránṣẹ́ lọ́rẹ, àfi bí ọ̀rọ̀ aṣọ yẹn ṣe bẹ́ lọ́dún 2020, tí àwọn èèyàn ń fi ọ̀rọ̀ tí kò nítumọ̀ kún fáìlì ẹni ẹlẹ́ni nítorí aṣọ. Nínú oṣù yẹn náà ni wọ́n yí òfin padà, pé iṣẹ́ tí olùtọ́jú rẹ̀ bá fọwọ́ ara rẹ̀ yọ̀ǹda nìkan ni wọn yóò kà. Àwa ò yọ̀ǹda. Síbẹ̀ ọ̀kan méjì ṣì máa ń ṣìnà wá, a ó tì í, a ó sì máa bá tiwa lọ.

Ti Ẹ̀gbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ Ìgbómìnà ni wọ́n, láti agbègbè Òmù-Àrán, ó sì ti pẹ́ tí wọ́n ti wà nídìí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Kánádà. Àwọn àti ẹ̀gbọ́n àgbà alábàáṣiṣẹ́ mi jọ ka ìwé ni. Ibi ìgbéyàwó kan ni wọ́n ti gbọ́ nípa áàpù yìí, wọ́n ní inú àwọn dùn, àwọn máa bá wa wò ó. A dúpẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, a ò gbúròó wọn mọ́, títí di alẹ́ Sátidé kan tí pull request kan já lulẹ̀. Àkọlé rẹ̀ kò ju ọ̀rọ̀ kan lọ: Improvements. Ó kan ohun tó ju ìdajì gbogbo fáìlì wa.

A tú u palẹ̀. Nǹkan tó dára gidi wà níbẹ̀. Àwọn alájọ ti ń ráhùn tipẹ́ pé àwọn ń wá orúkọ oníbàárà, áàpù á ní kò sí, bẹ́ẹ̀ orúkọ náà wà lójú fóònù níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ló rí ìdí rẹ̀. Lẹ́tà bí ẹ́ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo tirẹ̀ nínú Unicode, ètò tó ń fún lẹ́tà gbogbo èdè ní nọ́ńbà fún kọ̀ǹpútà. Kíbọọ̀dù kan lè mú ẹ tó ti ní àmì ìsàlẹ̀, ìyẹn U+1EB9, kí ó wá fi àmì òkè U+0301 lé e lórí; òmíràn lè mú é tó ti ní àmì òkè, kí ó wá fi U+0323 sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Lójú èèyàn, ọ̀kan náà ni. Lójú kọ̀ǹpútà, Àjọkẹ́ tí fóònù kan kọ sílẹ̀ kì í ṣe Àjọkẹ́ tí fóònù kejì ń wá. Ohun tí Ẹ̀gbọ́n ṣe ni pé wọ́n kọ́kọ́ sọ gbogbo orúkọ di ìlànà NFC, tó ń sọ ọ̀nà ìkọ méjèèjì di ọ̀kan, kí áàpù tó fi wọ́n wéra. Iṣẹ́ tí kò ju ìlà díẹ̀ lọ, ó sì já síbi tó yẹ.

Àmọ́ ìlà díẹ̀ yẹn sọnù sáàárín ogunlọ́gọ̀. Wọ́n ti fi irinṣẹ́ tó ń to kóòdù ṣiṣẹ́ lórí gbogbo fáìlì, ó yí àlàfo padà, ó sún àkámọ́ kiri, débi pé níbi tí GitHub ti ń fi ìyàtọ̀ hàn, ìlà tí kò sí ohun tó ṣe é rí náà di pupa, ó tún di àwọ̀ ewé. Ẹni tó bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò ní láti ka gbogbo rẹ̀ bí ẹni ń ka ìwé tuntun. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n fi sáfà kan (kọ̀ǹpútà ìtọ́jú àkọsílẹ̀) kún un, tí wọ́n ń sanwó rẹ̀ fúnra wọn lókè òkun, kí áàpù máa fi àkọsílẹ̀ ránṣẹ́ síbẹ̀, kí ẹni tí fóònù rẹ̀ bá sọnù má bàa pàdánù ìwé àjọ. Ohun tí à ń fẹ́ ni, a ò purọ́. Ṣùgbọ́n orúkọ ìyálọ́jà àti iye tó ń dá lójúmọ́ kì í ṣe ohun tí à ń kó sọdá òkun láì tíì bi í. Òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni ẹni tí ìjọba Nàìjíríà fọwọ́ sí lọ́dún 2023 ní ohun tó sọ lórí ìyẹn. Ta ló sì máa sanwó sáfà tí Ẹ̀gbọ́n bá ní ó ti sú àwọn?

Èyí tó ká wa lára jù ni ti owó iṣẹ́. Wọ́n ti yọ ọjọ́ kan kúrò, wọ́n fi ìdá 3.3 nínú ọgọ́rùn-ún dípò rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣe é lórí àpẹẹrẹ wa. Ẹni tó dá 500 títí oṣù fi pé, 3.3 nínú ọgọ́rùn-ún lára 15,500 jẹ́ 511.50, oníbàárà pàdánù náírà mọ́kànlá àti àádọ́ta kọ́bọ̀. Ẹni tó gbowó lọ́jọ́ kejìlá, owó alájọ lára 6,000 di 198. Náírà 302 ti bọ́ lọ́wọ́ alájọ nìyẹn, lára oníbàárà kan ṣoṣo. Ìdá yẹn kò tẹ́ ẹnì kankan lọ́rùn.

Kóòdù wa tún máa ń fi owó pa mọ́ ní kọ́bọ̀, nọ́ńbà odidi, tí kò ní ìdá bíi ti 0.5 lẹ́yìn. Ẹ̀gbọ́n ti sọ ọ́ di nọ́ńbà tó ní ìdá lẹ́yìn. Nínú ọ̀pọ̀ èdè kọ̀ǹpútà, tí ẹ bá ro 0.1 pọ̀ mọ́ 0.2, 0.30000000000000004 ló máa jáde, torí kọ̀ǹpútà ò lè kọ ìdá kan nínú mẹ́wàá pé pérépéré nínú òǹkà méjì-méjì tirẹ̀, tí kò lò ju 0 àti 1 lọ. Kọ́bọ̀ ò ra nǹkan kan mọ́ l'Ọ́jà-Ọba. Ṣùgbọ́n tí àròpọ̀ inú áàpù bá fi kọ́bọ̀ kan yàtọ̀ sí ti káàdì, oníbàárà ò ní bi ẹnikẹ́ni ní ọ̀rọ̀ òǹkà méjì-méjì. Ó máa ní alájọ ń jẹ owó òun.

Ìdánwò tó máa ń ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀ nígbàkígbà tí pull request bá dé, gbogbo rẹ̀ ló kọjá. Ìyẹn yà wá lẹ́nu títí a fi ṣí fáìlì ìdánwò wò. Ẹ̀gbọ́n ti yí òun náà padà kí ó bá 3.3 mu. Wọn ò fi í pamọ́ o, àṣà wọn ni pé tí èèyàn bá yí kóòdù, kó yí ìdánwò rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, fáìlì ìdánwò ni mo kọ́kọ́ máa ń ṣí.

Kí la wá fẹ́ sọ? Tó bá jẹ́ ará Íńdíà yẹn ni, gbólóhùn méjì ti tó: ẹ ṣé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ pín in sí wẹ́wẹ́. Ti Ẹ̀gbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Àbúrò ò kàn ń wo ojú ẹ̀gbọ́n kó ní iṣẹ́ yín ò wọlé, pàápàá níbi tí gbogbo ayé ti lè kà á. Mo mọ iṣẹ́ kóòdù tí wọ́n gba nǹkan burúkú wọlé nítorí ojú, tí wọ́n wá ń fi oṣù mẹ́fà yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn ẹni náà. Mo sì mọ àwọn tó kàn dákẹ́ títí tí pull request fi di ohun ìgbàgbé. Dídákẹ́ yẹn, lójú tèmi, ó burú ju kíkọ̀ lọ. Ẹni tó kọ iṣẹ́ ò mọ̀ bóyá kí òun dúró tàbí kí òun máa lọ.

Alábàáṣiṣẹ́ mi ló kọ èsì àkọ́kọ́, ní Yorùbá, lójú gbogbo ènìyàn:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé gan-an ni. Ti orúkọ tí ẹ tún ṣe yìí, a ti ń wá ojútùú rẹ̀ kiri. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá wa yọ ọ́ sọ́tọ̀ sínú pull request tirẹ̀, ká lè gbà á wọlé lọ́sẹ̀ yìí. Ti owó iṣẹ́ àti ti sáfà, a ní ìbéèrè lórí wọn, a ó kọ wọ́n síbí lọ́kọ̀ọ̀kan. Ti títo kóòdù, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ ná."

Ohun tí mo fẹ́ràn nínú èsì yẹn ni pé ó dárúkọ ohun tó dára, ó dá ọjọ́ fún un, kò sì fi ẹnu dídùn bo èyí tí kò lè wọlé.

Ẹ̀gbọ́n ò dáhùn níbẹ̀. Orí WhatsApp ni ohùn wọn ti wọlé: "Ẹ̀yin ọmọ yìí, òru ni mo fi ṣe nǹkan yìí. Ẹ gbà á bó ṣe wà, tàbí kí ẹ fi sílẹ̀. Ọmọdé lè láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà." Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀rọ̀ ti dé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, àwọn tí kò tíì fojú kan kóòdù rí ti ń sọ pé a ò fẹ́ kí ẹlòmíràn bá wa dá sí i.

A ò bá wọn jà lórí WhatsApp. Ohun tí a ṣe ni pé a tọrọ àyè lọ́wọ́ Ẹ̀gbọ́n láti kọ kókó ohun tí wọ́n sọ sójú ibi tí pull request wà, a kọ ọ́, a yọ ọ̀rọ̀ aṣọ àti àkísà kúrò. Ẹni tó bá dé lọ́dún tó ń bọ̀, tó fẹ́ mọ ìdí tí owó iṣẹ́ fi jẹ́ ọjọ́ kan, yóò rí i kà. Ìpinnu tó bá wà nínú fóònù ẹni méjì nìkan, a ó tún ní láti pinnu rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i.

Lẹ́yìn ìyẹn la pe Àlàájà. Àlàájà yìí ń gba àjọ ní ọjà Ìpàtà kí wọ́n tó bí mi, àwọn ló máa ń bá wa dán áàpù wò. A pe àwọn àti Ẹ̀gbọ́n papọ̀, ọ̀sán ní Ìlọrin, àárọ̀ lọ́dọ̀ wọn lọ́hùn-ún. Ẹ̀gbọ́n kí wọn dáadáa, Àlàájà bi wọ́n léèrè ìyàwó, ọmọ àti òtútù. Ariwo ọjà ń wọlé láti ẹ̀yìn. Ẹ̀gbọ́n wá béèrè:

"Àlàájà, tí oníbàárà yín bá fẹ́ gbowó lọ́jọ́ kejìlá, èló lẹ máa yọ?"

"Ọjọ́ kan."

"Ẹ ò rò pé ó pọ̀ jù fún un?"

"Tó bá pọ̀ jù, kó jẹ́ kí oṣù pé. Ọjọ́ kan yẹn ló ń dá a lẹ́kun kó má máa fa owó rẹ̀ yọ. Bó bá jẹ́ pé díẹ̀ bíńtín ni mò ń yọ, ojoojúmọ́ ni wọ́n á máa wá gbà á. Ọjọ́ méjèèjìlá ni mo sì fẹsẹ̀ rìn dé ìsọ̀ rẹ̀, àbí mi ò rìn?"

Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n wá sọ ohun tí a ò gbọ́ lẹ́nu wọn rí, pé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan nílé ni àwọn ní lọ́kàn, àwọn olùkọ́ àti àgbẹ̀ tí wọ́n ń dá owó lóṣooṣù, tí ẹgbẹ́ sì ń yọ ìdá kan fún ìnáwó ọ́fíìsì. Níbẹ̀, ìdá nínú ọgọ́rùn-ún ló tọ́. Kóòdù Ẹ̀gbọ́n kì í ṣe àṣìṣe. Àwọn ẹlòmíràn ni wọ́n kọ ọ́ fún, kò sì sí bí a ṣe lè kà á jáde látinú fáìlì. Ká ní wọ́n ti sọ ọ́ ní gbólóhùn mẹ́ta kí wọ́n tó kọ ìlà kan, òru wọn ò bá má ṣòfò.

Ẹnì kan dábàá pé ká fi bọ́tìnnì sí i: ọjọ́ kan tàbí ìdá nínú ọgọ́rùn-ún, kálukú á yan tirẹ̀. Ìmọ̀ràn tó máa ń dùn létí nìyẹn, torí kò bí ẹnikẹ́ni nínú. Èmi ò gbà. Bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan tí a bá fi kún un, ọ̀nà méjì ni a ó máa dán wò títí láé, lórí gbogbo fóònù, ní gbogbo ìparí oṣù. Alájọ tí ọwọ́ rẹ̀ bá ṣèèṣì kàn án kò ní mọ̀ títí ọjọ́ ìsanwó. Ẹni tó fi mọ́tò tọrẹ kì í bá ọ ra epo sí i. Ẹni tó fi kóòdù ránṣẹ́ náà lè wọlé sùn lálẹ́ ọjọ́ náà, àwa la ó máa dáhùn ìpè ọjà Ìpàtà. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún Ẹ̀gbọ́n, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, wọ́n sì gbà pé òótọ́ ni.

Nítorí náà la ṣe ní kí wọ́n fork áàpù náà fún alájẹṣẹ́kù, ìyẹn ni pé kí wọ́n mú ẹ̀dà kóòdù rẹ̀, kí wọ́n máa tọ́jú rẹ̀ lọ́tọ̀. Àwọn kan máa ń gbọ́ fork bí ìjà. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Linus Torvalds kọ Git, irinṣẹ́ tó ń tọ́jú ìtàn kóòdù tí GitHub dúró lé lórí, lọ́dún 2005, ó kọ ọ́ lọ́nà tí ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni fi máa ń ní gbogbo ìtàn kóòdù nínú, kò sí ẹ̀dà tó jẹ́ ẹrú òmíràn. GPL sì ti sọ pé ohun tí Ẹ̀gbọ́n bá pín fún alájẹṣẹ́kù, wọ́n gbọ́dọ̀ jẹ́ kí àwọn yẹn rí kóòdù rẹ̀. Ohun tó bá dára níbẹ̀ lè padà sọ́dọ̀ wa.

Pull request orúkọ wá dé ní òun nìkan, ó mọ́ tónítóní. A ní ká gbà á wọlé, a wá rí i pé ìlà kan kù: Signed-off-by. Ẹ̀gbọ́n bínú díẹ̀. "Ṣé ẹ rò pé mo jí i ni?" Rárá o. Lọ́dún 2003, ilé iṣẹ́ SCO pe IBM lẹ́jọ́, ó ní kóòdù òun ti wọnú Linux, ètò ìpìlẹ̀ kọ̀ǹpútà tí kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba. Lẹ́yìn ìyẹn, lọ́dún 2004, àwọn tó ń kọ Linux gbé ìwé ẹ̀rí kékeré kan kalẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Developer Certificate of Origin: ẹni tó bá fi ìlà yẹn sí ìsàlẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ń sọ pé òun lẹ́tọ̀ọ́ láti fi í sílẹ̀ lábẹ́ àṣẹ náà. Kò gba lọ́yà. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà gan-an ló kàn jù, torí àdéhùn iṣẹ́ wọn sábà máa ń sọ pé ohun tí òṣìṣẹ́ bá kọ, ti ilé iṣẹ́ ni, nígbà mìíràn títí kan èyí tó kọ nílé.

Ẹ̀gbọ́n lọ ka àdéhùn tiwọn. Wọ́n padà wá lọ́jọ́ mélòó kan, wọ́n fọwọ́ sí ti orúkọ. Wọ́n tún fi pẹ̀lẹ́tù sọ pé ẹ̀yà kan nínú kóòdù sáfà ọjọ́sí, ara irinṣẹ́ ibi iṣẹ́ àwọn ni àwọn ti mú un, àwọn ò ní fi ránṣẹ́ mọ́. Tí a bá ti gba odidi pull request yẹn wọlé lálẹ́ Sátidé nítorí ojú, ẹrù ẹlẹ́rù á ti wà nínú áàpù àwọn alájọ.

Ohun kan tún ṣẹlẹ̀ láàárín rẹ̀ tí mo fẹ́ sọ. Nígbà tí ọ̀rọ̀ pín-in-sí-wẹ́wẹ́ sú wọn, Ẹ̀gbọ́n ní ká kúkú fún àwọn ní àṣẹ láti máa fi kóòdù wọlé fúnra wọn, kí wọ́n gba ẹrù lọ́rùn wa. Àánú ló mú wọn sọ ọ́. Àwọn kan tẹ̀ lé wọn, wọ́n ní ó ti rẹ̀ wá, ká jẹ́ kí ẹlòmíràn gbà á. Ìgbà tí mo gbọ́ "ó ti rẹ̀ wọ́n" yẹn ni ọkàn mi lọ sórí xz. Lasse Collin ló ń dá bójú tó xz, irinṣẹ́ kékeré tó ń fún fáìlì pọ̀ lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà Linux. Ẹnì kan tó ń jẹ́ Jia Tan wá, ó ń ràn án lọ́wọ́ dáadáa fún ọdún bíi méjì, àwọn orúkọ mìíràn tí kò sẹ́ni tó mọ̀ wọ́n sì ń tì í láti ẹ̀yìn pé iṣẹ́ ń falẹ̀, kó gbé e fún ẹlòmíràn. Ó gba àṣẹ náà. Ẹ̀dà 5.6.0 àti 5.6.1 jáde pẹ̀lú ilẹ̀kùn ìkọ̀kọ̀ nínú. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 2024 ni Andres Freund, onímọ̀ kọ̀ǹpútà kan, kéde rẹ̀, ó sì jẹ́ pé wíwọlé sí kọ̀ǹpútà láti ọ̀nà jíjìn (SSH) tó ń pẹ́ ní bí ìdajì ìṣẹ́jú àáyá ló mú un fura.

Kò sí ẹni tó ń fi Ẹ̀gbọ́n wé Jia Tan. A mọ ilé bàbá wọn. Ṣùgbọ́n tí a bá fún wọn ní kọ́kọ́rọ́ nítorí pé a mọ ilé bàbá wọn, kí la máa sọ fún ẹni rere tí a ò mọ ilé bàbá tirẹ̀? Alábàáṣiṣẹ́ mi sọ fún wọn pé iṣẹ́ tí èèyàn ti bá wa yẹ̀ wò fún àwọn ẹlòmíràn la máa ń wò kí a tó fúnni, kì í ṣe èyí tí ó kọ nìkan. Wọ́n ní ó dáa. Wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí yẹ iṣẹ́ àwọn ọmọ Malété wò, wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe jù wá lọ.

Ní ìparí oṣù náà la kọ fáìlì CONTRIBUTING, ìlànà fún ẹni tó bá fẹ́ fi kóòdù ránṣẹ́, ní Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì. Kò gùn. Ó ní kí èèyàn kọ́kọ́ ṣí ìjíròrò, kí ó sọ ẹni tó ń ṣe é fún, kí ó tó kọ kóòdù tó ju ìtúnṣe kékeré lọ. Àtúnṣe kan ṣoṣo ni kó wà nínú pull request kan. Ìtò kóòdù kì í bá ohun mìíràn rìn. Kọ́bọ̀ ni owó máa wà, nọ́ńbà odidi. Ohun tó bá kan owó iṣẹ́ tàbí ìsanwó, alájọ méjì ní ọjà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ gbọ́dọ̀ fi fóònù wọn dán an wò, àwa olùtọ́jú pàápàá ò lè fo ìyẹn. Ẹni tó fi AI kọ ọ́ kò jẹ̀bi, tó bá lè ṣàlàyé ìlà kọ̀ọ̀kan. Daniel Stenberg tó ń bójú tó curl, irinṣẹ́ tó ń gbé fáìlì lórí ayélujára, ti ké tó lórí ìròyìn àbùkù tí AI hun tí kò sí ẹni tó kà á kó tó fi í ránṣẹ́. Àwa náà sì ṣèlérí láàárín rẹ̀ pé a ó dáhùn láàárín ọ̀sẹ̀ kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tí a máa sọ ni pé ẹ ṣe sùúrù.

Ìdí tí mo fi ka fáìlì yìí sí jù gbogbo rẹ̀ lọ ni ipò àbúrò. Ọmọ ogún ọdún kan ní Malété lè ní láti dá iṣẹ́ ọ̀gá yunifásítì padà lọ́la. Tí kò bá sí ìwé, ẹnu tirẹ̀ ló máa fi sọ ọ́, wọ́n á sì ní ó yájú. Tí ìwé bá ti wà nílẹ̀ kí àgbà tó dé, kò sí ẹni tó kọ̀ fún un. Ọmọ náà á kàn ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìwé ní ká kọ́kọ́ ṣí ìjíròrò," àgbà á sì ṣí i láìsí pé ojú ti ẹnikẹ́ni. Àwọn tó ń kọ nípa iṣẹ́ kóòdù ní ilẹ̀ òkèèrè máa ń sọ pé ìwé yìí ń gba àkókò olùtọ́jú là. Lọ́dọ̀ tiwa, ojú ló ń gbà là.

Fork alájẹṣẹ́kù ń ṣiṣẹ́. Níbẹ̀ ni Ẹ̀gbọ́n ti rí i pé fóònù tí bátìrì rẹ̀ bá kú pátápátá lè jí sí ọdún 1970, tí àkọsílẹ̀ ọjọ́ náà á sì lọ sí oṣù tí kò sí. Wọ́n ṣí ìjíròrò lọ́dọ̀ wa kí wọ́n tó kọ ìlà kan, wọ́n fi ìtúnṣe rẹ̀ nìkan ránṣẹ́, wọ́n sì fọwọ́ sí i. Àlàájà ti dán an wò. Alájọ kejì, ní Ọ̀fà, ń dúró de fóònù àtijọ́ kan tí ẹnì kan máa yá a. Ti sáfà ṣì wà nílẹ̀: Ẹ̀gbọ́n fẹ́ kó wà lókè òkun níbi tí iná kì í ti í lọ, alábàáṣiṣẹ́ mi fẹ́ kí ìwé àjọ kọ̀ọ̀kan wọ káàdì mẹ́mórì tí alájọ lè mú pamọ́ sílé, èmi ò tíì mọ ẹ̀yìn ta ni mo wà.